Ejò ajẹyin tí kò fẹ́ jẹun

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè láti Iléṣà, tí ẹ ní ejò yín kò fẹnu kan ọmọ eku, kò ka aláǹgbá sí, ẹyin adìẹ tí ẹ gbé síwájú rẹ̀ pàápàá, ó kàn ń wò ó ni: ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ ejò ajẹyin ni lóòótọ́, bí dókítà ẹran yín ṣe wí, kì í ṣe agídí. Ẹyin ẹyẹ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ láyé, ti adìẹ sì ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Kódà ẹyin kuélì, ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń sìn, tó sábà máa ń wọn gíráàmù 10 sí 12, tóbi fún ọmọ rẹ̀. Ẹyin ẹ̀gà ni mo fi wo tèmi dàgbà níbí ní Ifẹ̀. Lásìkò òjò, ẹ̀gà a kún orí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa, ariwo wọn kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Nígbà tó tóbi díẹ̀ ni mo lọ bá àwọn tó ń sin kuélì, mo ní kí wọ́n máa ṣa ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé fún mi. Tiwọn máa ń kéré.

Ẹyin tuntun ni o. Ahọ́n ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ti ń rà, tàbí tí ọmọ ti ń dì nínú rẹ̀, ó ti kọjá lọ nìyẹn. Èyí tí wọ́n fọ̀, tó ti sùn sí fíríìjì, tèmi kì í gbà á.

Ẹ gbé e sí i lálẹ́, ẹ fi aṣọ bo ike tí ejò náà ń gbé, kí ẹ bá tiyín lọ. Bó bá ń gbé e mì, awọ ọrùn rẹ̀ á na títí ìpẹ́ á fi jìnnà síra. Eegun ẹ̀yìn tó yọ ṣónṣó sínú ọ̀fun ló ń fọ́ ẹyin náà. Ẹ ó gbọ́ “kẹ́rẹ́”, ọrùn á sì fẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni á pọ èèpo rẹ̀ jáde ní rírún, tí awọ inú ẹyin ṣì so ó pọ̀. Ẹ má pe ìyẹn ní àìsàn.

Ẹ má fi síríńjì rọ ẹyin pípò sí i lọ́fun fúnra yín. Dókítà ni kó ṣe é, torí bó bá gba ẹ̀dọ̀fóró, ó parí.

Iná tí àwọn òyìnbó ní ká tàn fún ooru, ooru tiwa tó o. Ọyẹ́ ni kí ẹ ṣọ́: ẹ fi omi sínú àwo kékeré, ẹ sì fi aṣọ tútù sí igun kan kó lè rí awọ bọ́. Kí ẹ fi téèpù di ìdérí ike náà dáadáa, torí kí ẹ tó ṣàlàyé pé kì í ṣe paramọ́lẹ̀, àwọn ará ilé ti fi igi pa á.