Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè ní ìtọ̀ ṣúgà?

Ó lè ní in dáadáa. Oríṣi kejì ìtọ̀ ṣúgà (type 2), tí a máa ń kà sí àìsàn àgbàlagbà, ti ń ṣe àwọn ọ̀dọ́ náà. Ẹ wo ìgbé ayé họ́sítẹ́ẹ̀lì: Indomie lóru, búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò lọ́sàn-án, ìjókòó láti àárọ̀ dalẹ́, àìsùn nígbà ìdánwò. Ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan ṣoṣo lè ní ṣúgà tó tó ṣíbí ìpotíì 12! Ẹni tí ikùn rẹ̀ ti ń yọ, tàbí tí òbí rẹ̀ ní àìsàn náà, ló yẹ kó tètè fura.

Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Bí kò bá tó 100 mg/dL, ó dára. 100 sí 125 ti ń gòkè. 126 sókè, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ìtọ̀ ṣúgà nìyẹn. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín ṣáá, tí ẹ sì ń dìde tọ̀ lóru lemọ́lemọ́, ẹ lọ sí kílíníìkì iléèwé lónìí.