Ọmọ mi lẹ sítíkà èébú mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀: ṣé ọlọ́pàá lè mú wa?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Ìpínlẹ̀ Georgia ni mò ń gbé, ní Lawrenceville. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ló ń wa Corolla àtijọ́ mi lọ sílé ìwé. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé ọkọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń kó ọjà sí búùtù ni mo rí sítíkà pupa kan lára bọ́ńpà ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ rírùn àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú F ni, wọ́n wá so orúkọ olóṣèlú kan mọ́ ọn. Mo ní kó ṣí i kúrò. Ó ní òfin Amẹ́ríkà gba òun láyè, pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan òun. Ọkọ̀ yìí kan náà ni mò ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ mi nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ṣé òótọ́ lọmọ yìí ń sọ? Ṣé ọlọ́pàá ò ní tìtorí ẹ̀ dá a dúró? Ṣé wọn ò ní tìtorí ẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ọmọ yín ò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ìdajì tí kò gbọ́ ló mú kí n fara balẹ̀ kọ ìdáhùn yìí, torí ibẹ̀ ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti jàre. Georgia tí ẹ ń gbé yìí gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ sítíkà tí àwa lọ́yà máa ń tọ́ka sí jù ti wáyé. Ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin kan, nọ́ńbà rẹ̀ ni 40-1-4, tó ka sítíkà tó bá ní ọ̀rọ̀ rírùn nípa ìbálòpọ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ẹ̀yà ara léèwọ̀ lára ọkọ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ kò ju 100 dọ́là lọ. Wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cunningham torí sítíkà ọlọ́rọ̀ méjì kan, èyí tí wọ́n fi dárúkọ ìgbẹ́ láti sọ pé láburú lè dé bá ẹnikẹ́ni nígbàkigbà. Wọ́n bu 100 dọ́là lé e. Kò gbà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Georgia, nígbà tó sì di 1991, ilé ẹjọ́ náà fagi lé òfin ọ̀hún, wọ́n ní ó kọjá ibi tí Òfin Amẹ́ríkà ní kí ìjọba dúró sí.

Ohun tí wọ́n gùn lé ni ẹjọ́ Cohen ti 1971. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọ jákẹ́ẹ̀tì wọ ilé ẹjọ́ ní Los Angeles lọ́dún 1968, ó sì kọ ọ̀rọ̀ F tó wà lára ọkọ̀ yín yìí sẹ́yìn rẹ̀, ó fi bú ètò tí wọ́n fi ń fipá kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sójú ogun Vietnam. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n 30 ọjọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ náà nù, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Adájọ́ Harlan tó kọ ìdájọ́ náà sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ rí ọ̀rọ̀ náà lè gbójú kúrò. Ibi tí wọ́n fi sí látìgbà náà nìyẹn: ìjọba ò lè fìyà jẹ èèyàn kìkì torí pé ọ̀rọ̀ tó fi sọ èrò rẹ̀ rùn.

Ọ̀rọ̀ kan tó gbọ́dọ̀ wọ ọmọ yín létí ni pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ rírùn, ọ̀tọ̀ ni ìhàlẹ̀. Bí sítíkà bá sọ pé ẹni tó lẹ̀ ẹ́ máa pa ẹnì kan tàbí ṣe é léṣe, tó sì jẹ́ ìhàlẹ̀ tòótọ́, òfin ò dáàbò bò ó mọ́. Àwòrán ìṣekúṣe pọ́ńbélé náà ní ìlànà tirẹ̀, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ nínú ẹjọ́ Miller ní 1973. Ọ̀rọ̀ F tí wọ́n fi bú olóṣèlú kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló ti gbé òfin wọn kúrò bíi Georgia. Tennessee tó bá yín pààlà ní òfin kan nínú ìwé rẹ̀ tó ní kí ẹni tó bá lẹ sítíkà arínilára mọ́ ọkọ̀ san láti 2 dọ́là sí 50 dọ́là. Ní Lake City ní Florida, ní oṣù karùn-ún 2019, ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ dá ọ̀dọ́kùnrin kan dúró torí sítíkà tó wà lára gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní kó yọ lẹ́tà kan kúrò nínú rẹ̀, ọmọ náà kọ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó di àtìmọ́lé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba ní òun ò ní bá ẹjọ́ náà lọ, torí òfin ò ní gbè é. Ọmọ náà jàre. Ṣùgbọ́n ó ti fojú ba àtìmọ́lé kó tó jàre.

Ìdajì ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín ò gbọ́ nìyí. Àtúnṣe Kìíní sí Òfin Amẹ́ríkà, èyí tó dáàbò bo òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, ìjọba ló so lọ́wọ́. Kò so ẹlòmíràn. Ìjọba tó so náà sì ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà débẹ̀.

Lọ́dún 1996, nínú ẹjọ́ Whren, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé bí ọlọ́pàá bá ti rí ẹ̀ṣẹ̀ ìrìnnà kan, bó ti wù kó kéré tó, ó lè dá ọkọ̀ dúró, ohun yòówù tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé, mà. Ọlọ́pàá ò ní kọ sítíkà sínú tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti wo fídíò kámẹ́rà ọlọ́pàá nínú irú ẹjọ́ báyìí. Ọkọ̀ ti dúró sétí títì. Ọlọ́pàá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí sítíkà, ó jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó wá gbé iná náà sókè sí nọ́ńbà ọkọ̀. Nígbà tó dé ojú fèrèsé, ohun tó sọ fún ọmọ náà ni pé gílóòbù tó ń tàn sí nọ́ńbà rẹ̀ ti kú. Òótọ́ ni, gílóòbù ọ̀hún ti kú. Ní Georgia, òfin ní kí iná funfun máa tàn sí nọ́ńbà ẹ̀yìn débi tí èèyàn á fi rí i kà láti ẹsẹ̀ bàtà 50. Gílóòbù tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan ni. Ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ̀rọ̀ sítíkà di wákàtí kan létí títì fún ọmọ aláwọ̀ dúdú kan lóru, ó sì di ẹjọ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní gbangba ní Texas, ní oṣù kọkànlá 2017. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń gba títì kọjá ní agbègbè Fort Bend pẹ̀lú ọ̀rọ̀ F àti orúkọ ààrẹ ìgbà náà lẹ́yìn rẹ̀. Olórí ọlọ́pàá agbègbè náà gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, ó ní kí olówó ọkọ̀ yọjú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú obìnrin kan tó máa ń wa ọkọ̀ náà. Kì í ṣe torí sítíkà o. Ìwé ìmúni kan tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí ẹ̀sùn mìíràn ni wọ́n fà yọ.

Nítorí náà, bí sítíkà náà bá máa wà níbẹ̀ di ọ̀la péré, ẹ lọ wo ọkọ̀ yín yípo lálẹ́ òní. Ṣé iná ẹ̀yìn méjèèjì ń tàn? Ṣé férémù tí àwọn tó tà á fún yín fi yí nọ́ńbà ká bo lẹ́tà tàbí fígọ̀ kankan? Ṣé sítíkà ọdún tó wà lára nọ́ńbà ò tíì kú? Ẹ rántí pé ní Georgia, ọjọ́ ìbí yín ni sítíkà náà máa ń kú. Ṣé kò sí nǹkan kan lára gíláàsì tó ń dí awakọ̀ lójú? Òfin ìpínlẹ̀ náà kọ ìyẹn láìka ohun tí wọ́n kọ sí i sí, ì báà jẹ́ ẹsẹ Bíbélì.

Ilé ìwé ńkọ́? Ilé ìwé ìjọba jẹ́ apá kan ìjọba, àmọ́ nínú ẹjọ́ Fraser lọ́dún 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé ilé ìwé lè fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ̀rọ̀ rírùn níbẹ̀. Wọ́n lè ní kí ọkọ̀ náà má wọ ọgbà mọ́. Bó bá jẹ́ èrò òṣèlú lásán ló kọ láìsí èébú, ọwọ́ wọn ò ní lè tó o bẹ́ẹ̀, torí ẹjọ́ Tinker ti 1969 ti dáàbò bo ìyẹn.

Ní ti iṣẹ́ yín, mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gbọ́ gidigidi. Bí ilé ìtọ́jú náà bá jẹ́ ti aládàáni, Àtúnṣe Kìíní ò kàn wọ́n. Ní Georgia, ẹni tó gbà yín síṣẹ́ tí kò bá yín tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn iye ọdún lè ní kí ẹ máa lọ sílé láìsọ ìdí, àyàfi bí ìdí náà bá jẹ́ èyí tí òfin dìídì kọ̀, bí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ọjọ́ orí. Èrò òṣèlú ò sí lára wọn. Lọ́dún 2004 ní Alabama tó bá yín pààlà, wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́bìnrin kan torí pé ó lẹ sítíkà Kerry, ẹni tó ń bá Bush du ipò ààrẹ, mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Sítíkà ọ̀hún ò lẹ́ẹ̀ébú kankan nínú. Àwọn ọmọ àwọn arúgbó tí ẹ ń tọ́jú á máa rí ọkọ̀ yín nínú ọgbà. Bí ẹnì kan péré nínú wọn bá pe máníjà, ó tán.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ gbé ọkọ̀ kúrò. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Àwọn awakọ̀ mìíràn ló ń dẹ́rù bà mí jù lọ. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní yunifásítì Colorado State gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2008. Wọ́n rí i pé bí sítíkà ṣe ń pọ̀ lára ọkọ̀ ni ẹni tó ń wà á ṣe máa ń tètè bínú lójú títì, tó máa ń sáré lé ẹlòmíràn nídìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àlàáfíà ló wà lára sítíkà ọ̀hún. Ẹni tó bá lẹ sítíkà ti ń wo títì bí ẹni ń wo àgbàlá bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni èyí, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ ò tíì pẹ́ lápò. Bí ẹlòmíràn tó ń bínú bá sì pàdé rẹ̀, láti 2022 ni Georgia ti gba ẹni tí òfin ò dá lọ́wọ́ kọ́ láyè láti gbé ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Bí ìjà bá di kí ọkọ̀ kọlu ọkọ̀, òfin Georgia ní ìlànà kan tó lè jẹ́ kí wọ́n pe ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀ tí ẹ yọ̀ǹda fún mọ̀lẹ́bí lẹ́jọ́. Orúkọ yín ló máa wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́, ìnṣọ́ránsì yín ló máa wọ́n sí i.

Bí wọ́n bá dá a dúró, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, kó fún wọn ní ìwé àṣẹ àti ìnṣọ́ránsì. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tú inú ọkọ̀, kó sọ wẹ́rẹ́ pé òun ò gbà, kó má sì dí wọn lọ́wọ́. Bí ọlọ́pàá bá ní dandan kó ṣí sítíkà kúrò lójú ẹsẹ̀, kó má bá a jiyàn òfin létí títì. Kó ṣọ́ orúkọ àti nọ́ńbà àmì àyà rẹ̀ àti aago tó lù, kó pè yín, kí ẹ pe lọ́yà. Inú kóòtù la ti ń jà á.

Ṣùgbọ́n ẹ ò ní láti dúró de ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀. Ẹ kì í ṣe ìjọba, Àtúnṣe Kìíní ò so yín lọ́wọ́, ọmọ yín ò sì tíì pé ọdún 18. Ẹ lè ṣí i lónìí.

Mo kàn bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé kí ni olóṣèlú náà ṣe tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 17 tí ọ̀rọ̀ ìlú ń ká lára kò burú, ẹ má jẹ́ kó rò pé ẹ fẹ́ pa òun lẹ́nu mọ́. Ẹ sọ fún un nípa ara lọ́rì tí àwa kà dàgbà nílé. Awakọ̀ tí wọ́n rẹ́ jẹ á kọ «Ayé Àkámarà» síwájú ọkọ̀ rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ṣe é sì mọ̀ pé òun ni. Ẹ jẹ́ kó wá gbólóhùn mìíràn tó máa gbé èrò rẹ̀ yìí kan náà jáde láìsí ọ̀rọ̀ F nínú rẹ̀. Bó bá rí i, ẹ jẹ́ kó lẹ ìyẹn.

Ní ti èyí tó wà níbẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́, ọ̀dà ọkọ̀ á bó. Ẹ gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbẹ irun wá, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná rẹ̀ sí i bí ìṣẹ́jú méjì, títí etí sítíkà á fi rọ̀. Ẹ fi èékánná tàbí káàdì oníke gbé igun kan, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kó máa tẹ̀ padà sórí ara rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ já a sókè. Àtè tó bá kù, òróró ìsebẹ̀ díẹ̀ lórí àkísà á mú un kúrò. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti lẹ òmíràn mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń lé ìrì kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣí i, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé bí ìlà náà ṣe lọ.