Màmá ń jí ní aago 3 òru, ṣé ká fún wọn ní oògùn oorun?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa. Màmá mi, ẹni ọdún 72, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Àrò, Àkúrẹ́ níbí. Aago 8 alẹ́ báyìí wọ́n ti sùn lọ, tó bá fi máa di aago 3 òru wọ́n ti dìde, wọ́n á máa rìn káàkiri pálọ̀, wọ́n á máa kùn sínú. Wọ́n ní oorun ti dá lójú àwọn. Ìyàwó mi ti ń wò wọ́n bákan. Ẹnì kan ní kí n ra Lexotan fún wọn ní kẹ́mísì, ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka wákàtí ná: láti aago 8 dé aago 3, wákàtí 7 nìyẹn. Wákàtí 7 sí 8 sì ni wọ́n ní ó yẹ kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa sùn, ìyẹn ni pé màmá sùn, wọ́n kàn tètè sùn ni wọ́n ṣe tètè jí. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín náà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹ́, ó ti sú mi kí wọ́n máa fi àìsùn kan ìyá àgbà lẹ́sùn.

Aago kan wà nínú ọpọlọ tó ń darí ìgbà tí oorun á kunni. Ti ọmọ ọdún 16 máa ń fà sẹ́yìn, ẹ ò rí i pé kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa jí i láàárọ̀ tí ẹ ò ní pariwo. Ti àgbà ló ń sáré síwájú. Melatonin, èròjà tó ń pe oorun tí ọpọlọ máa ń tú sílẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú náà, á ti dín kù, oorun àsùnwọra pàápàá, èyí tí wọ́n á ké mọ́ ẹ létí tí o ò ní gbọ́, ó ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ látìgbà tí èèyàn ti wà ní géńdé, ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì á kàn dún tí màmá á ti lajú, tí ẹ̀yin ṣì ń hanrun.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sùn, ẹ gbé àga wọn síta nírọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ máa ń fa aago yẹn sẹ́yìn. Oorun ọ̀sán kó má ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Obì ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wá, obì ò wọ́n wa, àmọ́ caffeine tó ń lé oorun lọ, tó wà nínú kọfí, náà ló wà nínú ẹ̀, tó bá ti di ọ̀sán kí wọ́n fi sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò ni ohun tó ń jí wọn. Ṣé ìtọ̀ ni? Tó bá lé ní ẹ̀ẹ̀mejì lóru, ẹ lọ yẹ ṣúgà wọn wò, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá alẹ́ ni wọ́n ń lo oògùn BP tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀, torí dọ́kítà lè ní kí wọ́n máa lò ó láàárọ̀. (Tó bá jẹ́ bàbá ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ yẹ prostate wò.) Ṣé orúnkún ń dùn wọ́n ni? Ṣé wọ́n ń hanrun tí èémí á dá dúró díẹ̀ kó tó padà? Ṣé inú wọn ò dùn mọ́, tí oúnjẹ ò wù wọ́n? Ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ọsibítù ló kàn, kì í ṣe kẹ́mísì.

Lexotan àti Valium tó jọ ọ́ máa ń pẹ́ lára àgbà ju tara ọ̀dọ́ lọ. Màmá á dìde lóru lọ tọ̀, òòyì á ṣì máa kọ́ wọn, NEPA á sì ti mú iná lọ, wọ́n á ṣubú, eegun ìbàdí á kán. Ó sì máa ń di bárakú. Ẹ má rò pé Piriton, oògùn ara yíyún tó máa ń jẹ́ kí oorun kunni, sàn jù o, ó lè mú kí ọ̀rọ̀ màmá máa dàrú, kí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ má fẹ́ jáde. Tó bá wá jẹ́ pé ẹnì kan ti ń fún wọn ní Lexotan tipẹ́ láìsọ fún yín, ẹ má ṣàdédé dá a dúró, ẹ kó gbogbo oògùn wọn sínú nylon kan, àti àgbo, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dọ́kítà kó sọ bí wọ́n ṣe máa dín in kù.