Kí o tó gbé kámẹ́rà lọ ya ìràwọ̀ ní Adó-Àwáyè

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o fẹ́ gun òkè Adó-Àwáyè ní oṣù Kejìlá láti ya Milky Way, ìyẹn ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó nà bí ìkùukùu funfun kọjá lójú ọ̀run, o sì fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí wàá fi ṣí lẹ́ǹsì 18-55 tó bá kámẹ́rà rẹ wá sílẹ̀. Jọ̀ọ́, fi ti ìṣẹ́jú-àáyá sílẹ̀ ná. Ta ló mọ̀ pé o máa wà lórí òkè yẹn lóru?

Ojú mi ti rí i ni mo ṣe ń béèrè. Lórí òkè mìíràn ní Òkè-Ògùn ni. Mo gba ìwé àṣẹ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, mo sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà mi pé òru ni iṣẹ́ mi. Wọ́n gbowó, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n ní ó ti parí. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí ìlú náà nínú wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì òru lù, àwọn ọlọ́dẹ yọ sí wa. Iná pupa ni wọ́n rí lókèèrè, àti nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó kọjú sókè. Wọ́n ní ká dojú bolẹ̀. Àpáta yẹn tutù rinrin. Ẹnu ìbọn wà lẹ́yìn ọrùn ẹni tó bá mi lọ, mo sì ń gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń lu ara wọn. Mo na ìwé sí olórí wọn, ó yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ò rí òǹtẹ̀ yẹn rí. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé, kò sẹ́ni tó gbé e. Orí ìjókòó nílé olórí ọlọ́dẹ ni ilẹ̀ mọ́ bá wa. Nígbà tí ọ̀gá tó fọwọ́ síwèé padà gbé fóònù, ó ní òun ò sọ pé ká sùn síta. Inú ṣì ń bí mi dòní. Mi ò dá àwọn ọlọ́dẹ lẹ́bi o. Ìlú wọn ni wọ́n ń ṣọ́, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ajínigbé ń ṣe.

Torí náà, ààfin ni kó o kọ́kọ́ lọ, lójúmọmọ. Gba ọmọ ìlú kan tí àwọn ọlọ́dẹ mọ ohùn rẹ̀, kó bá ọ sùn lókè, kó o sì sanwó rẹ̀ dáadáa. Má rìnrìn àjò lóru.

Oṣù Kejìlá? Má lọ rárá. Àárín Milky Way tó mọ́lẹ̀ jù lọ, òun àti oòrùn ni wọ́n jọ ń yọ, tí wọ́n jọ ń wọ̀ nígbà yẹn. Ọyẹ́ á tún ti kó eruku Sàhárà bo ojú ọ̀run. Àwọn onímọ̀ tó ń sọ pé ìgbà ẹ̀rùn ló dáa torí kò sí ìkùukùu, wọn ò ka ọyẹ́ sí. Ìparí oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún ni tiwa. Òjò àkọ́rọ̀ á ti fọ eruku dànù; tí òṣùpá ò bá sí, kó tó di ọ̀gànjọ́, wàá rí i tó ń yọ ní gúúsù ìlà-oòrùn.

Ìrì ni ìṣòro ìgbà yẹn. Lẹ́ǹsì á làágùn bí ọmọrí ìkòkò. O nù ún tán, ó tún ti padà. Ra okùn tó ń móoru, èyí tí wọ́n ń fi USB so mọ́ páwà báńkì, kó o dì í mọ́ ọrùn lẹ́ǹsì kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀.

Má sì jẹ́ kí òǹtajà kankan ta ẹ̀rọ tó ń yí kámẹ́rà tẹ̀lé ìràwọ̀ fún ọ báyìí. Polaris, ìràwọ̀ tó wà ní apá àríwá, ni wọ́n fi ń tò ó, bíi digírì 8 péré ló sì fi ga lọ́dọ̀ wa. Igi àti kùrukùru ló sábà máa ń bò ó.

Ti ìṣẹ́jú-àáyá: 18mm (ibi tí lẹ́ǹsì ti ń rí ọ̀run tó fẹ̀ jù), f/3.5 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), ISO 3200 (bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ tó), RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe), kó o ṣí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 12 tàbí 13. Òfin 500 tí wọ́n máa kà fún ọ, pé kó o sọ mm lẹ́ǹsì di ìlọ́po 1.5 lórí kámẹ́rà tó ní sẹ́ńsọ̀ kékeré, kó o wá fi pín 500, á gbé ọ dé bíi ìṣẹ́jú-àáyá 18, ìràwọ̀ á sì ti fà bí ìlà. Ọwọ́ ni kó o fi fókọ́ọ̀sì sára ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, kó o wá fi sẹ́lótéèpù lẹ òrùka rẹ̀ pa.