Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Bíléèdì tó ń jó bọ́ọ̀dù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn la wà, kíṣìnì kábínẹ́ẹ̀tì àti wọ́dúróòbù la máa ń ṣe jù. Ọ̀gá mi ní bíléèdì sírìkúlà, irin roboto eléyín tó ń yí lára ẹ̀rọ tá a fi ń gé pákó, gbọ́dọ̀ lò tó oṣù mẹ́fà ká tó ra òmíì, àmọ́ eléyìí ò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti ń jó etí bọ́ọ̀dù di dúdú. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ọ̀gá, àmọ́ ẹ̀yin lẹ jàre. Oṣù kọ́ la fi ń ka ọjọ́ orí bíléèdì, ohun tó gé ni. Ẹni tó ń la arère àti ẹni tó ń gé MDF (bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi gúlù àti igi lílọ̀ ṣe) ò lè pààrọ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí gúlù tí wọ́n fi lẹ MDF pọ̀ yẹn ń jẹ ojú irin gan-an, ìrókò tó bá sì ní òkúta nínú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè ká eyín bíléèdì.

Kẹ́ ẹ tó náwó ṣá, ẹ yọ wáyà ẹ̀rọ lára iná, kẹ́ ẹ tú bíléèdì sílẹ̀. Nígbà míì oje igi ló kàn dì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó jẹ́ fẹ́ǹsì, irin tí pákó ń fara tì lórí ẹ̀rọ, ló wọ́, ìyẹn náà máa ń jó pákó. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ dáadáa. Tó bá mọ́ tán, ẹ gbé e sójú oòrùn, ẹ wo ṣóńṣó eyín kọ̀ọ̀kan: èyí tó mú kì í dán, èyí tó ti kú lẹ máa rí ìlà funfun tín-ínrín lójú ẹ̀. Ẹ fi èékánná kàn án jẹ́jẹ́, tó bá ń yọ̀ lọ, kò mú mọ́ nìyẹn.

Pé ó kú ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù o! Eyín kábáìdì (ohun tó le ju irin lọ) ṣeé pọ́n lẹ́ẹ̀melòó kan, àmọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ní òkúta dáyámọ́ǹdì ni, fáìlì ò lè ràn án. Ibi tí ọ̀gá ti ń pàdánù gan-an nìyí: bẹ́ ẹ bá ṣe dúró pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ lẹni tó ń pọ́n ọn á ṣe gé púpọ̀ dànù tó kó tó mú, iye ìgbà tó ṣeé pọ́n á wá dín kù, ká má tíì sọ ti bọ́ọ̀dù tó ṣá létí tí kọ́sítọ́mà ní òun ò gbà.

Ìgbà tí eyín bá ti tín-ínrín débi pé kò sóhun tí wọ́n máa pọ́n mọ́ lẹ máa ra tuntun. Tí ara irin ẹ̀ bá là pẹ́nrẹ́n, ẹ má gbé e lọ bá wẹ́dà rárá, ó lè fọ́ nígbà tó bá ń yí.

Ìbéèrè: Ọ̀bẹ pílénà wa, ẹ̀rọ tá a fi ń fá ojú pákó, mẹ́ta ni, ọ̀kan ló ṣá. Ṣé ká pààrọ̀ ìyẹn nìkan?

Ìdáhùn: Rárá o, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa yọ. Tí wọn ò bá wúwo bákan náà, tí gíga wọn ò sì dọ́gba, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, ojú pákó á rí gbágungbàgun, sáńdà tó ń mú ojú pákó jọ̀lọ̀ lẹ máa wá fi gbogbo ọjọ́ fà.