Ẹṣin Tó Ń Ṣubú Nínú Fíìmù
Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, kí ló fà á tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sí ìparí fíìmù Amẹ́ríkà pé àwọn kò pa ẹranko kankan lára?

Ìdáhùn: Ikú ẹṣin ló fà á. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù Jesse James, tó jáde ní ọdún 1939, wọ́n mú ẹṣin bẹ́ láti orí òkè gíga sínú omi, ó sì kú. Ariwo tó tẹ̀ lé e ló mú kí American Humane Association, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko, ṣí ọ́fíìsì sí Hollywood ní ọdún 1940 láti máa ṣọ́ àwọn tó ń ya fíìmù. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n a máa so wáyà mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin tó ń sáré, débi pé bí wáyà bá ti nà tán, ẹṣin á dojú bolẹ̀, òmíràn á sì kán lẹ́sẹ̀. Ìkà gbáà ni.