Ṣé Ìkànnì Ìbáraẹnidọ́rẹ̀ẹ́ Ti Sú Àwọn Ènìyàn Ni?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ òkè àti dámáàsìkì ni mo ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí ọmọ mi obìnrin ti bá mi ṣí ojú ìwé kan sórí Facebook. Nígbà náà, bí mo bá gbé àwòrán aṣọ síbẹ̀ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí a jọ jáde nílé ìwé àti àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lókè òkun á ti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á béèrè iye tí mò ń tà á, wọ́n á sì kí mi tọmọtọmọ. Ní báyìí, mo lè gbé aṣọ tó dára jù lọ nínú ìsọ̀ mi síbẹ̀ kí ó jẹ́ ẹni méjì péré ni yóò dáhùn. Ọmọ mi yìí kan náà sọ pé àwọn àgbàlagbà nìkan ló kù níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé nǹkan náà ti sú àwọn ènìyàn? Ṣé kí n pa á tì?

Oníṣòwò aṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN

Màmá wa, ẹ kú ọjà, ajé á wọgbá. Òótọ́ ni ohun tí ẹ kíyè sí, ọ̀pọ̀ òǹtajà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló sì ń ráhùn bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìfẹ́ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn rárá. Ojúde ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, inú yàrá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iye èrò tó wà níbẹ̀. Ní oṣù Èrèlè ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Meta tó ni Facebook kéde pé iye àwọn tó ń wọlé síbẹ̀ lójoojúmọ́ dín díẹ̀ ní ìparí ọdún 2021, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Ariwo gba ìgboro nígbà náà pé ó ti tán fún wọn. Síbẹ̀, kí ọdún 2023 tó parí, àwọn tó ń lò ó lóṣooṣù ti lé ní bílíọ̀nù 3. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín náà kò ṣàìní òótọ́ nínú: ilé-iṣẹ́ ìwádìí Pew rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 13 sí 17 ní Amẹ́ríkà, 71 ló ń lo Facebook ní ọdún 2014 sí 2015, ṣùgbọ́n 32 ni wọ́n kù ní ọdún 2022. Àwọn ọmọ náà kò kúkú pa fóònù wọn. Orí TikTok, Instagram àti Snapchat ni wọ́n kó lọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe kó kúrò lórí 2go àti BBM.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín gan-an wà ni pé Facebook fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ní ọdún 2025, nígbà tí kóòtù ń gbọ́ ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Meta lórí bó ṣe ra Instagram àti WhatsApp, ilé-iṣẹ́ náà sọ pé nínú gbogbo àkókò tí àwọn ènìyàn ń lò lórí Facebook, ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n fi ń wo ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn gbé síbẹ̀. Ti Instagram jẹ́ ìdá 7. Fídíò àwọn tí wọn kò mọ̀ rí ni ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, nítorí láti ìgbà tí TikTok ti gbòde ni àwọn ìkànnì yòókù ti ń yan ohun tó lè mú ojú dúró pẹ́ fún ènìyàn, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣe é tàbí àlejò. Nítorí náà, màmá, ẹ má ṣe rò pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti kọ̀ yín sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn má tilẹ̀ rí aṣọ náà rárá, èyí sì dùn mí fún yín.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ lọ, ẹ wo gúrúùpù WhatsApp Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ èyíkéyìí, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà ní Ìjẹ̀bú, bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé. Ẹnìkan á ya àwòrán aṣọ mẹ́ta tó tẹ́ sórí àga, ẹlòmíràn á fi ohùn ránṣẹ́ pé àwọ̀ àlùkò ti pọ̀ jù lọ́dún tó kọjá, akápò á fi nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀, kí wọ́n sì tó kírun alẹ́, orúkọ àwọn tó ti sanwó á ti máa gùn sí i, bí oníkálùkù ṣe ń fi tirẹ̀ kún ìsàlẹ̀. Òwò ńlá ni gbogbo èyí, ẹni tó wà lóde kò sì lè rí i. Ìbẹ̀rù gbájú-ẹ̀ àti ajínigbé wà lára ohun tó lé wọn wọlé, èébú àwọn tí a kò mọ̀ rí náà sì wà níbẹ̀. Owó dátà kò kéré mọ́ pẹ̀lú, láti oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2025 tí àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn.

Ojúde náà kò tíì di ahoro ṣá. Ẹ rántí ayẹyẹ Ojúde Ọba ọdún 2024 ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin kárí ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí àwọn tí kò gbé àwòrán ara wọn síta mọ́ sì ń fi í ránṣẹ́ síra wọn.

Ẹ má pa ojú ìwé yín tì, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí yóò fẹ́ wo ibẹ̀ kó tó fowó ránṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà yín àti àdírẹ́ẹ̀sì ìsọ̀ yín hàn gbangba. Dípò àwòrán nìkan, ẹ máa fi fídíò kékeré hàn wọ́n, kí ẹ tan aṣọ òkè náà sójú oòrùn, kí ẹ yí etí rẹ̀ padà kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe hun ún. Lẹ́yìn náà, ẹ lo status WhatsApp dáadáa. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹtajà kò fi sọ́kàn níbẹ̀: ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ kò lè rí status yín, bí ẹ tilẹ̀ fi tirẹ̀ pamọ́. Ẹ máa sọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan kó fi nọ́ńbà yín pamọ́ kó tó kúrò ní ìsọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ polówó nínú gúrúùpù ẹgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀.

Kí ọmọ yín tún bá yín fi PIN oní nọ́ńbà 6 sí WhatsApp náà, kí ẹ má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bí gbájú-ẹ̀ bá gbà á mọ́ yín lọ́wọ́, àwọn oníbàárà yín ni yóò kọ́kọ́ máa tọrọ owó lọ́wọ́ wọn ní orúkọ yín.